Òfin ilé wo ló dáa jù fún ìlú tó fẹ́ dín kábọ́ọ̀nù kù? New York, London, Tokyo, Barcelona àti tiwa nílé

Tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ èéfín tó ń ba ojú ọjọ́ jẹ́, mọ́tò àti iléeṣẹ́ ńláńlá ló máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn, wọn kì í ka ilé mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, UNEP, ìyẹn àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ti ṣírò ẹ̀ pé ilé gbígbé, ọ́fíìsì, ṣọ́ọ̀bù àti iṣẹ́ ilé kíkọ́ fúnra ẹ̀ ló ń tú ohun tó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta jáde nínú kábọ́ọ̀nù, ìyẹn èéfín ọ̀hún, tó ń wá látara iná, epo àti iléeṣẹ́ lágbàáyé. Sìmẹ́ńtì nìkan ń kó bíi 7 sí 8%, ẹnikẹ́ni ò sì tíì tan gílóòbù kan nínú ilé ọ̀hún o. Ní New York, ilé ló ń fa nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta èéfín ìlú náà, ó ju ti mọ́tò lọ dáadáa. Torí ẹ̀ ni àwọn ìjọba ìlú ńlá ṣe ń ṣòfin lórí ilé, àmọ́ òfin wọn ò jọra rárá, èyí tó ṣiṣẹ́ níbì kan sì lè máà ṣiṣẹ́ níbòmíì.

Mo kọ eléyìí fún ẹni tí wọ́n máa bi pé èwo ni ká mú: ẹni tó ń bá ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ṣiṣẹ́, alága ẹgbẹ́ ẹ̀sítéètì, ọmọ yunifásítì tó ń kọ́ ìṣètò ìlú, ẹni tó fẹ́ kọ́lé ní Ìbàdàn tàbí Lẹ́kí, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Bronx ní New York tàbí Peckham ní London tí òfin yìí ti ń kan owó yín gbọ̀ngbọ̀n.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Àkọ́kọ́, ilé wo ni òfin náà mú? Ìlú wà tó jẹ́ pé èyí tó pọ̀ jù nínú ilé tó máa wà níbẹ̀ ní 2050 ni wọ́n ti kọ́ tán báyìí, ìlú wà tó jẹ́ pé wọn ò tíì fi ìpìlẹ̀ ọ̀pọ̀ ẹ̀ lélẹ̀. Ìkejì, ta ló ń sanwó, ṣé ẹni tó ń san án yẹn náà ló máa jẹ àǹfààní ẹ̀? Ìkẹta, kí ló ń ṣẹlẹ̀ sẹ́ni tó bá rú òfin, torí tí owó ìtanràn bá kéré, onílé á kàn san án lọ́dọọdún, á sì máa bá tiẹ̀ lọ. Ìkẹrin, kí lòfin náà ń ṣe fún ayálégbé àti ẹni tí ò rí já jẹ?

Ìkarùn-ún ni mo kà sí jù, òun sì làwọn tó ń kọ irú òfin yìí máa ń gbójú fò: ṣé ìlú náà lè mọ iye iná àti epo tí ilé kọ̀ọ̀kan ń jó lọ́dún? Tí kò bá lè mọ̀ ọ́n, gbèdéke tó bá fún ilé yẹn ò wúlò, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ bóyá onílé kọjá ẹ̀ tàbí kò kọjá ẹ̀.

New York: gbèdéke fún ilé tó ti wà nílẹ̀

Local Law 97 ni wọ́n ń pe òfin yìí, ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ó mú ilé tó bá tóbi ju 25,000 ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin lọ, bíi 50,000 ilé sì ni gbogbo ẹ̀. Ilé kọ̀ọ̀kan ní iye kábọ́ọ̀nù tí wọ́n fún un lọ́dún, wọ́n wo bó ṣe tóbi tó àti ohun tí wọ́n ń fi ṣe kí wọ́n tó fún un, gbèdéke àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní 2024, èyí tó le gan-an ń bọ̀ ní 2030, wọ́n sì fẹ́ kó jẹ́ pé tó bá fi máa di 2050 kò ní sí àfikún kábọ́ọ̀nù látara àwọn ilé yìí mọ́.

Ìtanràn ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Tọ́ọ̀nù kan tó bá lé, dọ́là 268. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Tí wọ́n bá fún ilé kan ní 1,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún, tó wá tú 1,200 jáde, 200 ló fi lé, ìyẹn $53,600 lọ́dún kan ṣoṣo, ọdún tó ń bọ̀ á tún san án tí kò bá tún nǹkan ṣe. Ẹnjinníà tàbí ákítẹ́ẹ̀tì tó níwèé àṣẹ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìròyìn tí onílé máa fi ránṣẹ́, oṣù karùn-ún 2025 ni àkọ́kọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ yẹ kó wọlé.

Kí lonílé wá máa tún ṣe? Ẹni tó bá ti gbé nínú àwọn ilé àtijọ́ Bronx tàbí Brooklyn rí ti mọ ìdáhùn. Bọ́ílà ńlá kan wà nísàlẹ̀ ilé, ó ń se omi, ó ń fi ooru omi gbígbóná ránṣẹ́ sí rẹdiétọ̀ tó wà nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, kò sì sí bọ́tìnnì téèyàn lè fi dín in kù. Òtútù á máa mú èèyàn níta bí nǹkan míì, ẹni tó wà lájà òkè á ṣí wíńdò sílẹ̀ torí ooru, ẹni tó wà nísàlẹ̀ á wọ súwẹ́tà lé súwẹ́tà, epo tàbí gáàsì tí wọ́n sì fi se omi yẹn ń bá wíńdò jáde. Téèyàn bá fi fáàfù kékeré tó ń mọ bí yàrá ṣe gbóná tó sára rẹdiétọ̀ kọ̀ọ̀kan, tó fi nǹkan wé páìpù tó gba abẹ́ ilé kọjá, tó pààrọ̀ gílóòbù, ó ti dín púpọ̀ kù, kò tíì dé ibi tí wọ́n ń náwó rẹpẹtẹ. Ibi tí owó ńlá wà ni kí wọ́n yọ bọ́ílà kúrò pátápátá, kí wọ́n gbé heat pump síbẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná fa ooru wọlé látìta. Gbèdéke 2030 máa ti ọ̀pọ̀ ilé dé ibẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ti New York ni pé wọn ò bẹ̀rẹ̀ látorí ìtanràn. Láti 2009 ni òfin míì ti sọ pé kí àwọn ilé ńlá máa kéde iye iná tí wọ́n ń jó lọ́dọọdún. Lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n ní kí ilé lẹ àmì ìdíwọ̀n A dé D mọ́ ẹnu ọ̀nà, kẹ́ni tó fẹ́ gba ibẹ̀ lè rí i. Ìgbà tí ìtanràn fi máa dé, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí wọ́n ti ń ka mítà. Àwọn ilé ìjọsìn àti ọ̀pọ̀ ilé tíjọba ń ṣọ́ owó ẹ̀ kó má wọ́n ju agbára tálákà lọ, wọ́n ní ọ̀nà tiwọn, wọ́n to iṣẹ́ 13 sílẹ̀ tí wọ́n lè ṣe dípò gbèdéke, irú bíi wíwé páìpù àti títún rẹdiétọ̀ ṣe. Ẹ̀yin tí ìjọ yín ní ilé ńlá níbẹ̀, ẹ bi àwọn tó ń bójú tó ilé bóyá wọ́n ti gba ọ̀nà yìí.

Ibi tó kù sí: àwọn tó ní fúláàtì nínú ilé àjọni kì í ṣe olówó ilé ńlá, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti fẹ̀yìn tì, ìtanràn tàbí owó àtúnṣe á sì bọ́ sórí wọn bákan náà. Àwọn kan tiẹ̀ gbé ìjọba ìlú lọ sílé ẹjọ́, wọn ò jàre. Mo gbà pé ẹ̀dùn ọkàn wọn tọ́, ìrànlọ́wọ́ owó ló sì yẹ kí ìlú fi dá wọn lóhùn, kó má sún ọjọ́ òfin síwájú.

London: mú un kí wọ́n tó kọ́ ọ

London gba ọ̀nà míì. Káńsù Merton, ọ̀kan nínú àwọn káńsù London, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2003, wọ́n ní ilé ìtajà tàbí ọ́fíìsì tuntun tó bá ju 1,000 mítà onígun mẹ́rin lọ gbọ́dọ̀ fúnra ẹ̀ pèsè 10% agbára tó máa lò látara oòrùn, atẹ́gùn àti irú wọn. Káńsù míì rí i, wọ́n ṣe tiwọn, ọ̀rọ̀ náà sì gbilẹ̀. Ní báyìí, ìwé ètò ìlú tó jáde ní 2021, London Plan, ti sọ pé gbogbo iṣẹ́ ilé ńlá, ìyẹn ilé gbígbé 10 sókè tàbí 1,000 mítà onígun mẹ́rin sókè, kò gbọ́dọ̀ dá kún kábọ́ọ̀nù ìlú. Ó kéré tán, kí wọ́n dín 35% kù sí ohun tí òfin ilé kíkọ́ orílẹ̀-èdè béèrè, lórí ilẹ̀ yẹn gan-an. Èyí tí wọn ò bá lè dín kù, wọ́n á sanwó ẹ̀ sápò káńsù, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi owó yẹn dín kábọ́ọ̀nù kù níbòmíì.

Iye tí ìwé ètò ìlú dá ni pọ́n-ùn 95 lórí tọ́ọ̀nù kan, fún ọgbọ̀n ọdún, £2,850 nìyẹn. Ilé tó bá ṣẹ́ ku 50 tọ́ọ̀nù lọ́dún máa san £142,500 lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ń kọ́lé tà ló ń san án, àsìkò tí owó ń wọlé fún un náà sì ni, torí náà kì í pariwo tó bẹ́ẹ̀.

Àǹfààní ẹ̀ ni pé ó rọrùn láti ṣọ́. Ìwé àṣẹ ò ní jáde tí ìṣirò kábọ́ọ̀nù ò bá sí níbẹ̀, káńsù ò níláti wọ ilé ẹnikẹ́ni. Àléébù ẹ̀ náà kò fara sin: àwọn ilé àtijọ́ ayé Ọbabìnrin Victoria tó kún Peckham àti Lewisham, tí ògiri wọn ń mú òtútù wọlé, tí ọ̀rinrin ń hù níkọ̀rọ̀ yàrá, òfin yìí ò kàn wọ́n. Òfin míì ló mú wọn, ti England àti Wales lápapọ̀, tó ní láti 2018 lánlọ́ọ̀dù ò gbọ́dọ̀ fi ilé tí ìwé ìdíwọ̀n agbára ẹ̀ (A ló dáa jù) wà nísàlẹ̀ E gba ayálégbé tuntun, ní 2020 ó kárí gbogbo ayálégbé tó ti wà nínú ilé tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ilé tẹ́ ẹ fi ń gba owó ayálé níbẹ̀, ìwé yẹn ṣe pàtàkì ju ọ̀dà tuntun lọ.

Nǹkan kan tún wà tí London fi ṣáájú àwọn tó kù. Àwọn iṣẹ́ tó bá tóbi tó láti dé ọ́fíìsì Mayor gbọ́dọ̀ ka kábọ́ọ̀nù tó wà nínú sìmẹ́ńtì, irin àti gíláàsì tí wọ́n máa fi kọ́ ọ, títí kan ọjọ́ tí wọ́n máa wó o. Àríyànjiyàn tó le jù lórí ẹ̀ ni ti ṣọ́ọ̀bù ńlá Marks & Spencer ní Oxford Street, wọ́n fẹ́ wó èyí tó wà, kí wọ́n kọ́ tuntun. Mínísítà kọ̀ fún wọn ní 2023, ilé ẹjọ́ gíga fagi lé ìkọ̀sílẹ̀ yẹn ní 2024, nígbà tí ọdún yẹn fi máa parí, ìjọba tuntun ti fọwọ́ sí i. Lójú tèmi, tá a bá ń wó ilé tó ṣì dúró dáadáa torí pé tuntun máa jẹ iná díẹ̀, a ní ká jẹ èkuru kó tán, a tún ń gbọn ọwọ́ ẹ̀ sáwo, torí kábọ́ọ̀nù tó wà nínú sìmẹ́ńtì àti irin yẹn máa jáde lónìí, iná tá a fẹ́ fi tọ́jú pamọ́ á máa wá díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Tokyo: àwọn ilé ńlá díẹ̀, gbèdéke, àti ọjà kábọ́ọ̀nù

Tokyo ò da ara ẹ̀ láàmú pẹ̀lú ilé kéékèèké níbẹ̀rẹ̀. Oṣù kẹrin 2010 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, bíi 1,300 sí 1,400 ilé àti iléeṣẹ́ tó ń jó agbára tó tó 1,500 kìlólítà epo rọ̀bì lọ́dún ni wọ́n mú. Wọ́n wo iye tí ilé kọ̀ọ̀kan ń tú jáde láwọn ọdún láàárín 2002 sí 2007, wọ́n ní kó dín in kù látibẹ̀: 6 sí 8% fún ọdún márùn-ún àkọ́kọ́, 15 sí 17% fún ìkejì, 25 sí 27% fún ìkẹta. Láti 2025 ó ti di 48 sí 50%. Ẹni tó bá dín in kù ju ohun tí wọ́n ní kó ṣe lọ lè ta èyí tó lé fún ẹni tí tiẹ̀ kò pé.

Ẹni tí kò bá pé, tí kò sì rà, wọ́n á pàṣẹ fún un kó dín in kù ní ìlọ́po 1.3 èyí tó jẹ, tó bá tún kọ̀, ìtanràn wà, orúkọ ẹ̀ á sì jáde fún gbogbo ayé. Ìtanràn yẹn ò tó nǹkan lójú iléeṣẹ́ ńlá, orúkọ tó ń jáde yẹn ni wọ́n ń sá fún. Mi ò rò pé ó máa ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo.

Ó so èso o. Nígbà tí ọdún márùn-ún àkọ́kọ́ parí, àròpọ̀ ohun tí àwọn ilé náà dín kù ti tó bíi 25% sí ti ìbẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ 6 sí 8% ni wọ́n béèrè. Àmọ́ kẹ́ ẹ má gbàgbé ìjàǹbá iléeṣẹ́ iná Fukushima ní 2011, iná ò tó, gbogbo ìlú ló ń pa gílóòbù tí wọ́n sì ń dín AC kù, torí náà gbogbo ìyìn ò lè jẹ́ ti òfin yìí nìkan. Èyí tí mo rí kọ́ ni pé ọjà kábọ́ọ̀nù yẹn gan-an ò fi bẹ́ẹ̀ tà, ọ̀pọ̀ ilé kàn tún ara wọn ṣe ni. Wọ́n tún mú ayálégbé ńlá mọ́ ọn, iléeṣẹ́ tó bá gba àyè tó pọ̀ nínú ilé gbọ́dọ̀ kọ ètò tiẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣe onílé nìkan lọ̀rọ̀ náà wà lọ́rùn ẹ̀.

Ní 2022 ni wọ́n wá kọjú sí ilé kéékèèké: láti oṣù kẹrin 2025, bíi 50 iléeṣẹ́ ńlá tó ń kọ́lé tà gbọ́dọ̀ gbé sólà sórí àwọn ilé tuntun tí wọ́n bá kọ́. Ẹrù yìí wà lórí iléeṣẹ́ tó ń kọ́ ọ, kò sí lórí ẹni tó ra ilé. Ọgbọ́n tó dáa ni mo pe ìyẹn, ó rọrùn láti ṣọ́ iléeṣẹ́ 50 ju kéèyàn máa ṣọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún onílé lọ.

Barcelona: ẹ gbójú sókè, ẹ wo òrùlé

Èyí kúrú. Láti 2000, ilé tuntun tàbí ilé tí wọ́n ń tún kọ́ ní Barcelona gbọ́dọ̀ fi oòrùn se 60% omi gbígbóná tó ń lò. Ìlú míì ní Spéìn tẹ̀ lé e, nígbà tó di 2006 ó wọ òfin orílẹ̀-èdè. Kò béèrè mítà, kò béèrè ìṣirò tó le, ẹni tó ń bẹ ilé wò máa gun òrùlé, á rí i tàbí kò ní rí i. Wàhálà ẹ̀ ni ìtọ́jú, ẹ̀rọ tí wọ́n gbé síbẹ̀ tán tẹ́nì kan ò tún yẹ̀ wò mọ́, ó kàn wà lókè ni.

Tiwa nílé: òfin wà, ẹni tó máa mú un lò la ń wá

Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé Nàìjíríà ní òfin irú èyí. Ìjọba àpapọ̀ gbé e jáde ní 2017, BEEC ni wọ́n ń pè é, òfin bí ilé kò ṣe ní máa fi iná ṣòfò. Ohun tó béèrè ò pọ̀ rárá: wíńdò ò gbọ́dọ̀ gbà ju 20% ara ògiri lọ, àfi tẹ́ ẹ bá ṣe nǹkan tó máa ṣíji bò ó, kí nǹkan tó ń dènà ooru wà lábẹ́ òrùlé, kí gílóòbù àti AC jẹ́ èyí tí kì í jẹ iná jù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìṣètò ilé àti ilẹ̀ jẹ́ ti ìpínlẹ̀, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ bẹ́ẹ̀ ní 2003 nínú ẹjọ́ tí Èkó bá ìjọba àpapọ̀ ṣe, torí náà tí ìpínlẹ̀ ò bá mú un lò, ìwé lásán ni.

Ẹ wo ilé tí wọ́n ń kọ́ báyìí ní Lẹ́kí, Ìkẹjà, Bódìjà. Gíláàsì láti òkè délẹ̀, ó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, kò sí ìbòòji kankan, àjà kò ga, kò sí fèrèsé tó kọjú síra tí atẹ́gùn lè gbà wọlé kó jáde. Aago méjì ọ̀sán, ẹni tó bá fọwọ́ kan gíláàsì yẹn látinú máa tètè fa ọwọ́ ẹ̀ kúrò. AC mẹ́ta ń ké, iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ bá gbà á, dísẹ̀lì ń jó. Ẹni tó sì yan gíláàsì yẹn kọ́ ló ń ra dísẹ̀lì o. Lánlọ́ọ̀dù ti gba owó ọdún kan tàbí méjì sílẹ̀, ayálégbé ló ń ra káàdì iná, Band A, ìyẹn owó iná àwọn tíná wọn pọ̀ jù, ti di 225 náírà fún kìlówáàtì wákàtí kan nígbà tí wọ́n gbé e sókè ní oṣù kẹrin 2024, ayálégbé ló ń ra epo. Kí ni lánlọ́ọ̀dù fẹ́ fi owó ẹ̀ ra ohun tó ń dènà ooru fún?

Ibí yìí ni ti New York ò ti lè bá wa mu báyìí. Nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ wọn, onílé ló ń sanwó epo bọ́ílà, mítà sì wà fún gbogbo ẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn kan ṣì wà lórí ìwé iná tí wọ́n kàn fojú díwọ̀n, epo jẹnẹrétọ̀ sì ń wọlé nínú kẹ́ẹ̀gì láìsí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Tíjọba bá ní òun fẹ́ bu owó ìtanràn lé kábọ́ọ̀nù ilé lónìí, ibo ló ti fẹ́ rí nọ́ńbà ẹ̀? Ẹni tó máa wá ka mítà á kàn sọ ọ́ di ọ̀nà àtijẹ ni.

Àsìkò kan ṣoṣo tí ọwọ́ ìjọba Èkó lè tẹ lánlọ́ọ̀dù nígbà tí owó ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀ ni ìgbà tó bá gbé pláànù wá. Àjọ ìpínlẹ̀ méjì ló wà níbẹ̀: LASPPPA ló ń fún èèyàn ní ìwé àṣẹ, LASBCA ló ń bẹ iṣẹ́ wò, òun náà ló ń fún ilé ní ìwé pé ó ti yẹ fún gbígbé. Kí ohun tó wà nínú BEEC wọ ibi méjèèjì yìí: tí wíńdò bá ju 20% lọ tí kò sí ìbòòji, pláànù á padà, tí nǹkan kan ò bá sí lábẹ́ páànù lọ́jọ́ tí wọ́n wá wò ó, ìwé ò ní jáde. Kò gba mítà, rúlà àti ojú ti tó.

Owó ẹ̀ ńkọ́? Tó bá jẹ́ lórí ìwé ni wọ́n ti yí ilé kúrò lójú ìwọ̀ oòrùn, kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ìbòòji kọnkéré lórí fèrèsé àti búlọ́ọ̀kù alálùho kì í wọ́n ju gíláàsì tí wọ́n ń kó wá látòkè òkun lọ. Ohun tó ń dènà ooru lábẹ́ páànù ló máa gba owó díẹ̀, òun náà ló sì máa ń yàtọ̀ jù lára ẹni tó ń gbé lájà òkè.

A ò sì ní láti lọ wo ìlú òyìnbó kó tó yé wa. Ẹ lọ sí yunifásítì Ifẹ̀, ẹ wo àwọn ilé Humanities tí Arieh Sharon yàwòrán wọn, àjà òkè yọ síta ju èyí tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ lọ, òkè ń ṣíji bo ìsàlẹ̀, oòrùn ọ̀sán ò ríbi wọ yàrá ìkàwé, atẹ́gùn ń gba àárín kọjá. Ilé ìkàwé Kenneth Dike ní UI náà, tí Maxwell Fry àti Jane Drew ṣe, ògiri alálùho ló yí i ká. Ṣáájú gbogbo wọn, àwọn bàbá wa ń kọ́ agbo ilé tó ní àgbàlá láàárín, ògiri amọ̀ tó nípọn, òrùlé tó yọ síta bo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọgbọ́n yẹn ṣì wà nílẹ̀, ó kàn dùn mí pé òfin ò dáàbò bò ó.

Ẹ̀rù tó wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ilé alájà 21 tó wó ní Ìkòyí lóṣù kọkànlá 2021 pa ọ̀pọ̀ èèyàn, ìlú tí ilé ṣì ń wó pa èèyàn nínú ẹ̀, àwọn kan á bi pé kí lẹ ń sọ̀rọ̀ kábọ́ọ̀nù sí. Ìdáhùn mi ni pé ẹni kan náà tó máa wá wo irin àti kọnkéré ló máa wo wíńdò àti òrùlé, tá a bá fún un ní ohun èlò àti owó oṣù tó dáa, méjèèjì á ṣeé ṣe. Tá ò bá fún un, kò sí òfin kankan nínú gbogbo èyí tí mo kà sílẹ̀ tó máa ṣiṣẹ́.

Èwo ni kí ta ni mú?

Ìlú tí ilé ńlá àtijọ́ ti kún, tí mítà kárí, tí onílé ló ń sanwó ooru: ẹ mú ti New York, ṣùgbọ́n ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí kíkéde nọ́ńbà, kẹ́ ẹ fún wọn lọ́dún mélòó kan kí ìtanràn tó wọlé, kẹ́ ẹ sì ya owó sọ́tọ̀ fún àwọn tí ò ní.

Ìlú tó jẹ́ pé ọ́fíìsì ńlá àti iléeṣẹ́ díẹ̀ ló ń jẹ èyí tó pọ̀ nínú iná: ti Tokyo ni, àmọ́ ẹ jẹ́ kí ìtanràn wọn tóbi ju ti Tokyo lọ tí ìtìjú ò bá ti ń mú iléeṣẹ́ lọ́dọ̀ yín.

Ibi tí ilẹ̀ ti wọ́n gan-an, tí àwọn tó ń kọ́lé tà ń jèrè ńlá: ẹ fi owó tọ́ọ̀nù ti London kún un. Eko Atlantic, Victoria Island àti Ìkòyí lè gbé e, kí owó ẹ̀ sì lọ sórí òrùlé iléèwé ìjọba àti ọsibítù, kó má wọ àpò tẹ́nì kan ò lè tọpa ẹ̀.

Hòtẹ́ẹ̀lì, ọsibítù, họ́sítẹ́ẹ̀lì, níbi tí wọ́n ti ń se omi gbígbóná ní gbogbo ìgbà: ti Barcelona ti tó wọn, tí òfin bá so ìtọ́jú ẹ̀rọ náà mọ́ ọn.

Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Òṣogbo, àti àwọn ìlú bíi Kútọnu àti Lomé tí ooru tiwọn ò yàtọ̀ sí tiwa, tí ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ ṣì ń bọ̀ lọ́nà: òfin wíńdò, ìbòòji àti òrùlé nígbà pláànù, kò sí òmíràn tó yẹ kó ṣáájú ẹ̀. Ẹni tó sì ń kọ́ ilé tiẹ̀ lónìí ò níláti dúró de ìjọba, kó sọ fún ákítẹ́ẹ̀tì ẹ̀ pé kó kọ́kọ́ fi ibi tí oòrùn ti ń yọ àti ibi tó ń wọ̀ hàn òun lórí ìwé, kí wọ́n tó jọ sọ̀rọ̀ iye yàrá.

Èkó ní tiẹ̀ lè ṣe méjì pọ̀: òfin pláànù fún gbogbo ilé tuntun, kí wọ́n sì ní kí bánkì, ilé ìtajà ńlá àti ọ́fíìsì tó ga máa kọ iye iná àti lítà dísẹ̀lì tí wọ́n rà sílẹ̀ lọ́dọọdún, kí wọ́n máa fi ránṣẹ́. Àwọn wọ̀nyí ní rìsíìtì dísẹ̀lì wọn lọ́wọ́. Tí nọ́ńbà yẹn bá ti pé fún ọdún mẹ́ta, ẹni tó bá fẹ́ ṣòfin gbèdéke á ti rí ohun tó máa gbé e lé.